Ta ni kí n ké sí nípa ìtọ́jú màmá mi nílé àgbàlagbà?

Àkọ́bí Màmá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù fún mi, mo sì mọ̀ pé àwọn kan níbí ti la irú ẹ̀ kọjá. Màmá mi wà nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà níbí ní England. Iyè wọn ti ń ra. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Káńsù ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé náà.

Láìpẹ́ yìí, òùngbẹ ló máa ń gbẹ wọ́n nígbàkigbà tí mo bá débẹ̀. Bí mo bá gbé ife omi fún wọn, wọ́n á mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún ní kí n bu òmíràn wá. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́ wà ní kíkọ́ sára ògiri lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ wọn ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Mo tún rí ibì kan ní apá òsì wọn, lókè ìgúnpá, tó wú tó sì le. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á fa apá náà sẹ́yìn. Mo bi ọ̀gá ilé náà, ó ní àgbà ni, pé wọ́n máa ń kọlu nǹkan. Mo ní ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun á wò ó. Kò tíì sọ nǹkan kan fún mi títí di òní.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà nílé ní kí n rọra o, pé tí mo bá fẹjọ́ wọn sùn, orí Màmá ni wọ́n á ti gbẹ̀san. Èmi náà ò sì ní ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan fún wọn. Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní safeguarding (dídáàbò bo ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìyà) ni èyí, àbí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ò tó? Ta ni kí n pè? Kí ni kí n sọ?

Ìyá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọlọ́run á fún Màmá lálàáfíà.

Ẹ má dúró de ẹ̀rí. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu mọ́ nìyẹn, a rò pé àfi ká ká ẹni tó ṣe é mọ́ ibẹ̀ ká tó lè sọ̀rọ̀. Ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ yín, iṣẹ́ káńsù ni. Òfin tó wà nídìí ẹ̀ ni Care Act ti ọdún 2014, section 42. Ó ní bí káńsù bá ní ìdí láti fura pé àgbàlagbà kan tó nílò ìtọ́jú ń jìyà, tàbí wọ́n pa á tì, tàbí ewu ẹ̀ ń bọ̀, tí àìlera rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, káńsù gbọ́dọ̀ wádìí tàbí kó ní kí ẹlòmíì wádìí. Ìfura ni òfin béèrè lọ́wọ́ wọn. Kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ yín.

Aṣọ tó sọnù, oúnjẹ tó tutù, tẹlifíṣọ̀n tó ń pariwo ní gbogbo òru, ìráhùn nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá ilé náà. Àmọ́ òùngbẹ, bọ́tìnì tí ọwọ́ ò tó, ara tó wú tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀, ewu nìyẹn. Káńsù lẹ ó gbé e lọ bá tààrà, ẹ ò sì nílò kí ọ̀gá ilé náà fún yín láṣẹ.

Káńsù tí ilé náà wà lágbègbè rẹ̀ ni o, kì í ṣe ti àdúgbò yín. Bó bá jẹ́ káńsù mìíràn ló ń sanwó, ẹ sọ fún àwọn náà, torí àwọn ló gbé Màmá síbẹ̀, ṣùgbọ́n káńsù ibi tí Màmá wà ló ni ìwádìí. Ẹ tẹ orúkọ káńsù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: adult safeguarding. Ẹ ó rí nọ́ńbà àti fọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà tí wọ́n ń lò lóru àti lópin ọ̀sẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí ewu náà bá jẹ́ ti ìsinsìnyí, 999 ni. Bó bá jọ ọ̀ràn ọlọ́pàá àmọ́ tó ti kọjá, 101.

Tí wọ́n bá gbé fóònù, ẹ má ti orí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún wọn ni: I want to raise a safeguarding concern about my mother. Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á mọ ìwé tí wọ́n máa ṣí. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, bí ẹ ṣe rò ó fún wa gẹ́lẹ́. Ẹ gba orúkọ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀, ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀, ẹ bi wọ́n ìgbà tí ẹ máa gbọ́ lọ́dọ̀ wọn. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ má baà di mo-sọ-ọ-mi-ò-gbọ́. Bí wọ́n bá ní kò tó ohun tí section 42 ń sọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ apá Màmá ni mo fẹ́ mú.

Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà kí n tó fẹ̀yìntì, ohun kan sì wà tó yẹ kí gbogbo ẹbí aláwọ̀ dúdú mọ̀. Àwọn àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́, awọ òyìnbó ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n máa wá ibi tó pọ́n. Ara tiwa kì í sábà pọ́n. Egbò tí ìdùbúlẹ̀ lójú kan ń fà, èyí tí wọ́n ń pè ní pressure sore, bó bá ń bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn dúdú, ojú ibẹ̀ lè ṣú ju ara yòókù lọ, kó dà bí àwọ̀ elése àlùkò tàbí búlúù. Ó lè gbóná ju ara tó yí i ká lọ, ó sì lè tutù jù ú lọ. Ó lè le, ó sì lè rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ó lè máa dun ẹni náà tàbí kó máa yún un. Ẹ rí i pé ojú nìkan ò tó láti fi wá a. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gìgísẹ̀ wọn, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí egungun parí sí, ìbàdí méjèèjì, ìgúnpá, àti ìpàkọ́. Ẹ fi bí ibẹ̀ ṣe rí wé ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ. Lára òyìnbó, ẹni tó bá ń kọjá lọ á rí i. Lára Màmá, wíwú àti líle tí ẹ fọwọ́ bà yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó máa fi hàn. Òṣìṣẹ́ tó sọ pé òun ò rí nǹkan kan lè má purọ́, kó kàn jẹ́ pé kò fọwọ́ kàn án.

Ẹ ní kí dókítà wá wo apá náà lónìí, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ sọ fún Màmá pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ yà á ní ojúmọmọ lẹ́bàá fèrèsé, ẹ pa iná fóònù, ẹ fi kọ́ìnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ wá sún sẹ́yìn, kí ẹ ya òmíràn tó fi hàn pé apá ni. Ẹ bo ìyókù ara wọn. Ó yẹ kí ilé náà ní àwòrán ara èèyàn tí wọ́n ń sàmì sí bí wọ́n bá rí nǹkan lára ẹni, body map ni wọ́n ń pè é. Ẹ ní kí wọ́n fi ti Màmá hàn yín.

Ní ti òùngbẹ, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi ń kọ omi tí Màmá ń mu, fluid chart. Ẹ wo àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ ní agogo méjì tí wọ́n ti kọ ti agogo mẹ́rin sílẹ̀, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó sọ fún káńsù. Ètè tó gbẹ, ìtọ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó sì ń rùn, àti iyè tó dédé dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dementia ló ń bá a lọ. Àìmumi tó tàbí àrùn inú ìtọ̀ lè fa ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. Ẹ pe dókítà, tàbí 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera ti NHS, bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí Màmá bá ń sùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè oògùn tí wọ́n ń fún wọn, àti ẹni tó kọ ọ́.

Kí n sọ èyí náà: awọ àgbàlagbà ti fẹ́lẹ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì máa ń jẹ́ kí ara tètè ní àpá. Apá tó wú nìkan ò fi hàn pé ẹnì kan lu Màmá. Àmọ́ àpá tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan, tí ọ̀gá sì ní òun á wò ó tí kò wò ó, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Bàbá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ wa ni wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo á máa tọ́jú èèyàn púpọ̀, ẹ̀yìn á máa ro ó. Bí ẹ bá lọ fẹ̀sùn kàn án tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ tún padà lọ bá ọ̀gá ilé náà, ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ Olùkọ́

Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Òótọ́ ni pé ìyà iṣẹ́ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ ná, kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá sì pe káńsù kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kò ní kí wọ́n lé ẹnì kan lọ. Ó sọ ohun tó rí, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á wá wò ó. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni ò tó, ìwádìí náà á fi hàn. Ìlànà ìjọba tó wà fún Care Act ka ìpatì mọ́ ìwà ìkà, ó sì ka ilé tí ètò rẹ̀ ò dára mọ́ ọn pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé ẹ̀bi náà lè wà lọ́rùn ilé iṣẹ́, kí ọrùn òṣìṣẹ́ tó rẹ̀ tẹnutẹnu sì mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí Gosport, ìlú kan ní gúúsù England. Ní ilé ìwòsàn War Memorial tó wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì kan ti ń sọ láti ọdún 1991 pé bí wọ́n ṣe ń lo oògùn apàrora líle fún àwọn àgbàlagbà ń kọ àwọn lóminú. Wọ́n pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pariwo. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018 ni ìgbìmọ̀ olómìnira tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ pé láàárín 1989 sí 2000, oògùn tí kò sí ìdí ìṣègùn kankan fún ti gé ẹ̀mí àwọn aláìsàn tó lé ní 450 kúrú. Ẹbí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kì í ṣe oníwàhálà, Bàbá. Ká ní wọ́n ti tètè gbọ́ tiwọn ni.

Òṣìṣẹ́ Òru

Inú ilé ìtọ́jú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òru ni mo sì máa ń ṣe jù. Mo gbà pẹ̀lú Bàbá pé ọ̀pọ̀ wa ń gbìyànjú. Síbẹ̀, bí màmá tèmi bá wà níbẹ̀, màá pe káńsù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yí àkókò tí ẹ ń lọ padà. Ilé tó bá mọ̀ pé ọ̀sán Sunday nìkan lẹ máa ń wá á ti tún Màmá ṣe kí ẹ tó dé. Ẹ lọ nígbà oúnjẹ. Ẹ lọ ní alẹ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ̀sán bá ń fi iṣẹ́ lé ti òru lọ́wọ́. Ẹ dúró sí kọ́rídọ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí bẹ́ẹ̀lì ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí, ẹ má kọ ohun tí ẹ rò. Bí ẹ bá kọ pé "wọn ò bìkítà fún Màmá", kò sí ẹni tó lè fi ṣe nǹkan kan. Àmọ́ bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí: "Agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ife omi kún, kò dín rárá, ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ètè wọn gbẹ. Bọ́tìnì wà lára ògiri. Mo sọ fún òṣìṣẹ́ tó wọlé, ó ní 'she never uses it anyway'." Bí social worker bá ka ìyẹn, ó ti mọ ohun tó máa béèrè. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ni o.

Ẹ sọ fún CQC náà. Àwọn kọ́ ni wọ́n ń yanjú ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ló ń yẹ ilé wọ̀nyí wò, ohun tí ẹ bá sọ lè jẹ́ kí wọ́n tètè wá.

Mo fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lórí físà iṣẹ́ sọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka èyí. Ẹ̀rù ń bà yín pé bí ilé náà bá pàdánù ìwé àṣẹ tó fi gbà yín, ẹ̀yin náà á pàdánù físà. Ẹ̀rù náà tọ́. Ìgbà tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ 60 ni Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, sábà máa ń fún èèyàn láti wá ibòmíràn, kì í ṣe àkókò tó gùn. Àmọ́ ẹ lè bá CQC sọ̀rọ̀ láìdárúkọ. Òfin Public Interest Disclosure Act ti 1998 sì ní agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá tú irú àṣírí yìí. Ẹ má ṣe buwọ́ lu omi tí ẹ ò fún ẹnikẹ́ni mu. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra tì, Mental Capacity Act ti 2005 kà á sí ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 5. Bí àwọn tó ń wádìí bá dé, ìbuwọ́lù yín ni wọ́n máa rí.

Àkọ́bí Màmá

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti pe káńsù. Dókítà náà ti wá, ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán apá náà ní ilé ìwòsàn. Obìnrin tó gbé fóònù ní káńsù bi mí pé kí ni Màmá fúnra wọn fẹ́. Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Ṣé ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra lè sọ ohun tó fẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi kan tún ní kí n fi kámẹ́rà kékeré pamọ́ sínú aago tó wà nínú yàrá wọn.

Ògbufọ̀

Wọ́n lè sọ ọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi ni láti máa túmọ̀ fún àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn àti lọ́dọ̀ káńsù, mo sì ti rí i léraléra. Òfin 2005 tí wọ́n dárúkọ lókè yẹn sọ pé kí wọ́n gbà pé èèyàn lè ṣèpinnu fúnra rẹ̀ títí wọ́n á fi rí i pé kò lè ṣe é, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lọ́tọ̀. Màmá lè má mọ ọjọ́ tí a wà, kí wọ́n má mọ orúkọ ilé tí wọ́n ń gbé, kí wọ́n sì sọ fún yín láìṣì í pé àwọn ò fẹ́ kí ẹnì kan wẹ àwọn mọ́. Ìyẹn tó.

Ẹ ní kí káńsù wá ògbufọ̀ Yorùbá fún ìjókòó náà, àwọn ló máa sanwó rẹ̀. Ẹ má gbà kí òṣìṣẹ́ ilé náà tó gbọ́ Yorùbá túmọ̀, bó ti wù kí ó ṣèèyàn tó. Ẹ̀yin náà, ẹ má túmọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Bí Màmá bá ti padà sórí ẹ̀ka èdè tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà, bóyá Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, ẹ sọ ọ́ ṣáájú, torí kì í ṣe gbogbo ògbufọ̀ ló gbọ́ ọ. Ẹ sọ àkókò tí ojú wọn máa ń dá jù. Fún ọ̀pọ̀, òwúrọ̀ ni.

Bí ẹ̀yin nìkan bá wà pẹ̀lú wọn, ẹ má bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé wọ́n lù yín ni?" Ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, kí ló ṣe yín lápá?" Kí ẹ wá dákẹ́. Àgbà máa ń lọ yípo kí ó tó dé ibi ọ̀rọ̀, pàápàá bí ìtìjú bá wà nínú rẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ má máa bi wọ́n lójoojúmọ́, torí bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ìbéèrè tí a tẹnu mọ́ jù lè ba ẹ̀rí jẹ́.

Ẹni tí kò bá ní ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ tó lè dúró tì í, tí kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ kópa nínú ìwádìí fúnra rẹ̀, section 68 nínú Care Act ní kí káńsù wá alágbàwí tó dá dúró fún un. Kí àwọn tí àǹtí wọn ń dá gbé ní ìlú mìíràn mọ èyí.

Ìyá Ìbejì

Ní ti kámẹ́rà, mi ò ní dá a lẹ́bi bí ẹ bá ń rò ó. Àmọ́ ìhòòhò Màmá ló máa wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá lè gbà tàbí kọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n. Bí wọn ò bá lè ṣe é, ọ̀rọ̀ ohun tó dára jù fún wọn ló kàn, kì í sì í ṣe ẹnì kan ló ń dá a pinnu. CQC ti kọ ìmọ̀ràn fún àwọn ẹbí nípa kámẹ́rà, ẹ kà á. Ní báyìí tí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bi social worker kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Mo bẹ̀ yín, fọ́tò tàbí fídíò yòówù tí ẹ bá ní, ẹ má gbé e sí WhatsApp ẹbí. Láti ibẹ̀ ló ti máa ń dé Facebook.

Ní ti ẹ̀san tí àbúrò yín ń sọ, ẹ sọ ẹ̀rù náà fún káńsù gan-an, kí wọ́n fi sínú ètò ààbò Màmá. Àjọ CMA, tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, ti kọ ọ́ fún àwọn ilé ìtọ́jú láti ọdún 2018 pé kò tọ́ kí wọ́n lé ẹnì kan jáde tàbí kí wọ́n fòfin de àbẹ̀wò ẹbí rẹ̀ torí pé wọ́n ráhùn. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2024, ìlànà kan tún wà, Regulation 9A, tó ní ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó wà níbẹ̀ máa gba àlejò, àyàfi bí ìdí tó lágbára gan-an bá wà. Bí wọ́n bá dí yín lọ́nà, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin

Ẹ jọ̀ọ́, ibì kan ń dùn mí tí a ò tíì fọwọ́ kàn. Nígbà mìíràn, ẹbí ni. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, àmọ́ àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì ìyá ni wọ́n ń mu. Ní ìdílé kan tí mo mọ̀ dáadáa, ẹni tí káàdì báǹkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbowó lóṣooṣù, ìyá ò sì ní bàtà tó bá a lẹ́sẹ̀ mu. Gbogbo ẹbí mọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni.

Gbígba owó àgbàlagbà lọ́nà ẹ̀bùrú wà lára ohun tí safeguarding wà fún, káńsù kan náà lẹ ó pè. Bí ẹni náà bá ní ìwé LPA (lasting power of attorney, ìwé tí èèyàn fi ń fún ẹlòmíì láṣẹ láti ṣèpinnu fún òun), ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ti owó ni tàbí ti ìlera, torí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó ní ti owó kò lágbára lórí ìtọ́jú ara. Office of the Public Guardian ló ń wádìí ẹni tó bá ń ṣi agbára LPA lò. Ẹ sọ fún báǹkì náà.

Ọmọ Olùkọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta.

Àkọ́bí Màmá, bí ìwádìí bá ń lọ, ẹ béèrè bóyá ìpàdé máa wà, kí ẹ wà níbẹ̀. Bó bá parí, ẹ ní kí wọ́n kọ àbájáde rẹ̀ fún yín, pẹ̀lú ohun tí ilé náà máa yí padà àti ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ àkọsílẹ̀ Màmá, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ lórúkọ wọn. Oṣù kan ni òfin sábà ń fún ilé náà láti dáhùn, wọ́n sì lè béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹ láṣẹ láti ṣojú wọn. Bí káńsù ò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ ìráhùn sí káńsù náà, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Local Government and Social Care Ombudsman, àjọ tó ń gbọ́ ìráhùn nípa káńsù àti ilé ìtọ́jú. Oṣù 12 ni wọ́n ń kà láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ sanwó ilé ìtọ́jú lè lọ. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn NHS ni, Ombudsman tiwọn yàtọ̀.

Ará Glasgow

Ẹ kú iṣẹ́ o. Scotland ni àwa wà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọ̀rọ̀ tiwa. Ilé wọn ni wọ́n wà, òṣìṣẹ́ ló ń wá tọ́jú wọn, kì í sì í dúró pẹ́. Ṣé òfin kan náà ni?

Ìyá Ìbejì

Rárá o. Ti England ni gbogbo èyí tí a sọ lókè. Tiyín ni Adult Support and Protection Act ti ọdún 2007, káńsù ló sì gbọ́dọ̀ wádìí níbẹ̀ náà. Ẹ ní ẹ fẹ́ bá àwọn tó ń rí sí adult protection sọ̀rọ̀. Care Inspectorate ló ń yẹ àwọn ilé iṣẹ́ ìtọ́jú wò lọ́dọ̀ yín, tó fi mọ́ àwọn tó ń wá sílé, kì í ṣe CQC. Ìwé kan sábà máa ń wà nílé Bàbá tí òṣìṣẹ́ ń kọ ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ sí, bí kò bá sí, á wà lórí fóònù wọn. Ẹ fi wé iye wákàtí tí wọ́n kọ sínú ètò ìtọ́jú Bàbá kí ẹ tó pe káńsù.